Ọmọ tó ń jẹ ewédú kọ óòtì: ẹ gbà mí o

Ìyá Ọ̀gá Kékeré · Sùúrùlérè · Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin òbí ilé yìí. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ojú mi ti rí nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ọmọ mi ọkùnrin ni. Ó tó oṣù méjì tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti ń le. Tó bá ti wọ ilé ìyàgbẹ́, igbe ni. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n bi mí pé kí ló ń jẹ láàárọ̀. Mo ní búrẹ́dì funfun àti tíì oníṣokoléètì. Dókítà wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń kọ̀wé lọ. Ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ tán ni wọ́n ní ká dín búrẹ́dì kù, ká fún un ní èso, omi, àti nǹkan bí óòtì.

Bí mo ṣe ra óòtì Quaker alágolo nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ọmọ ò tíì gbé síbí márùn-ún mì. Kì í sì í ṣe ọmọ tí kì í jẹun o. Ẹ gbé ẹ̀bà àti ewédú síwájú ẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á tún béèrè. Ilá alásèpọ̀ ńkọ́? Á lá abọ́. Ṣùgbọ́n óòtì, á fi síbí bù ú, á gbé e sókè, á máa wo bó ṣe ń fà bọ̀ wálẹ̀, á wá ní: "Mọ́mì, ó ń yọ̀." Ó parí nìyẹn. Èmi náà á dúró síbẹ̀, síbí lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé á ti máa fọn fèrè nísàlẹ̀ ní aago 6:20.

Mo ti fi mílíìkì sí i. Mo ti fi ṣúgà sí i. Mo ti ṣèlérí bísíkíìtì. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjì, ti kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀. Òun náà á ní "ó ń yọ̀" kó tó wo abọ́ rárá.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín tó fi ń wọ̀ wọ́n lẹ́nu?

Ìyá Ìbejì · Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta · Ajé, 9:31 àárọ̀

Ẹ̀rín pa mí o jàre. Ọmọ tó ń fi ewédú lá ìka ló ń sọ pé nǹkan ń yọ̀! Ẹ má bínú sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ bí ẹ ṣe ń sè é ná. Omi mélòó sí óòtì mélòó? Ṣé inú omi tútù lẹ ń dà á sí ni, àbí omi tó ti ń hó? Ẹ sì wo ara agolo yẹn, ṣé èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tó ń jinná kíá ni, àbí èyí tó fẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja? Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ìyá Ọ̀gá Kékeré · Ajé, 9:40 àárọ̀

Èyí tó ń jinná kíá ni, mà. Inú omi tútù ni mo máa ń dà á sí, màá wá gbé e kaná, màá máa rò ó títí kó má baà jó. Bí mo ṣe ń ro ògì náà ni. Omi rẹ̀, mi ò wọ̀n ọ́n.

Bàbá Aláàárọ̀ · Ìkòtún · Ajé, 12:05 ọ̀sán

Ìyá Ọ̀gá Kékeré, ilá lẹ ń sè yẹn o, kì í ṣe óòtì. Ẹ má bínú, èmi náà ti sè é bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyàwó mi ń ṣe, èmi ni mò ń bọ́ ọmọ mẹ́ta láàárọ̀ kí n tó sá lọ sí Ìdúmọ̀tà. Mo ti da óòtì nù tó láti fi kún kòtò.

Nǹkan tó ń yọ̀ yẹn, beta-glucan ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ara okùn oúnjẹ (fáíbà) tó wà nínú óòtì ni, òun gan-an ló sì wúlò fún ikùn. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe pẹ́ tó nínú omi gbígbóná, tí ẹ bá sì ṣe ń rò ó tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tú jáde sínú omi. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ló sì ń yára tú jù.

Ẹ wo tèmi. Ẹ gbé páànù gbígbẹ kaná, iná kékeré, ẹ má da òróró sí i. Ẹ da óòtì sí i, kí ẹ máa fi síbí onígi yí i. Tó bá tó ìṣẹ́jú 3 tàbí 4, òórùn rẹ̀ á yí padà, á máa ta sánsán bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan létí títì, àwọ̀ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kíá, torí láàárín kó pọ́n àti kó jó, ìpè fóònù kan ló wà níbẹ̀. Ẹ wá gbé omi kaná lọ́tọ̀, kó hó dáadáa, ẹ fi iyọ̀ bíńtín sí i. Kọ́ọ̀pù óòtì 1, kọ́ọ̀pù omi 1 àti ààbọ̀. Ẹ da óòtì sí i, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan péré kó má ṣù, ẹ dé e, ẹ pa iná. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ má ṣí i wò, ẹ má tún rò ó. Á dúró, eyín á mọ̀ pé òun ń jẹ nǹkan, kò sì ní í fà.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń yan ti ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀, màá rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí. Láàárọ̀, omi gbígbóná inú fláàsì ti tó mi.

Màmá Àgbà · Ìsàlẹ̀ Èkó · Ajé, 2:47 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo kàn fẹ́ béèrè ni o. Kí ni ògì ṣẹ̀ yín? Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó yìí. Ògì gbígbóná àti àkàrà ni wọ́n jẹ dàgbà, ìgbẹ́ kankan ò le. Óòtì yín yìí, ilẹ̀ tútù àwọn òyìnbó ló ti ń hù, kò sẹ́ni tó ń gbìn ín ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú. Owó agolo kan ń sáré bí owó ẹja. Ọmọ ní òun ò jẹ, ẹ̀yin ní dandan ni. Ẹ ra àkàrà fún un, kí ẹ jẹ́ kí ilé ó tòrò.

Ọmọ Mushin · Ajé, 3:10 ọ̀sán

Màmá ti parí ẹ̀. Èmi tí mo ti pé ọdún 41, kì í wọ̀ mí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ó sinmi.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì · Yábàá · Ajé, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Màmá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Ògì tí à ń sè, a ti rẹ àgbàdo rẹ̀, a ti lọ̀ ọ́, a ti sẹ́ ẹ. Èèrí tó kù sójú asẹ́ tí a ń gbé fún ewúrẹ́, inú rẹ̀ ni okùn àgbàdo yẹn wà, púpọ̀ nínú èròjà tó ń mú ọmọ dàgbà ló sì bá a lọ. Àkàrà tẹ́ ẹ fi tì í ló gbà á là. Ẹ̀wà ni àkàrà, kò sí ohun tí ẹ̀wà ò ní. Ní tòde òní, ìyá ti wọ ọkọ̀ láago mẹ́fà, ògì àti ṣúgà nìkan lọmọ ń mu, àkàrà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ògì ò ṣẹ̀. Àwa la yọ ẹnìkejì rẹ̀ kúrò.

Óòtì ní tiẹ̀, wọn kì í sẹ́ èèrí rẹ̀ kúrò. Gíráàmù 40, ìyẹn bíi síbí ìjẹun 4 tó kún dáadáa, ní tó gíráàmù 5 èròjà tó ń mú ara dàgbà àti bíi gíráàmù 4 okùn. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi sọ ọ́.

Ìyá Ọ̀gá Kékeré, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ lómi. Okùn oúnjẹ tí kò rómi, ńṣe ló máa tún dí i níkùn. Ife omi kan kó tó wọ bọ́ọ̀sì, ìgò omi kan nínú báàgì. Ìbẹ́pẹ àti ọsàn tó jẹ ẹ́ pẹ̀lú sáká rẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ju ohun tí ẹ rò lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mílíìkì mélòó ló ń mu lójúmọ́? Ọmọ tó bá ń mu ju ìdajì lítà lọ, ikùn rẹ̀ ti kún kó tó rí oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sì lè má tó. Mo ti rí i láìmọye ìgbà ní kíníìkì, ìyá á ní "ọmọ mi kì í jẹun", ìgò mílíìkì á sì wà lẹ́nu ọmọ náà bí ó ṣe ń sọ ọ́.

Ṣúgà. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 19 lójúmọ́, ìyẹn bíi kóro ṣúgà onígun 5. Tíì oníṣokoléètì àárọ̀ nìkan lè gba ìdajì rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n débi pé ara rẹ̀ ti ní àmì dúdú, tàbí dàbínò tí ẹ rẹ, tí ẹ sì lọ̀, dùn tó ṣúgà. Oyin náà, ṣúgà ni. Ẹni tó bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan níbí, ẹ má fún un lóyin rárá, ì báà ṣe orí síbí lásán, kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọ ìkókó ò lè bá jà. Ẹ̀pà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Odidi ẹ̀pà lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fun.

Ẹ má sì fi bísíkíìtì rà á mọ́. Bí ẹ bá ti ní "jẹ èyí kí n fún ọ ní tọ̀hún", ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ fún un pé ìyà ló wà nínú abọ́.

Màmá Àgbà · Ajé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ewúrẹ́ wa sanra nígbà yẹn lóòótọ́.

Alásè Lafiaji · Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ lórí Bíríjì Kẹta, mi ò lè dákẹ́. Oúnjẹ ni mò ń tà, mo sì ti bọ́ ọmọ olómọ ju tèmi lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn ń sọ. Kò sọ pé òun kórìíra ohun tó ń yọ̀. Ọmọ elewédú ni, ó mọ yíyọ̀ dénú. Ohun tó ń sọ ni pé yíyọ̀ kì í wà nínú nǹkan gbígbóná, funfun, aládùn, tí wọ́n ń fi síbí jẹ. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹ̀. Ká ní wọ́n gbé tíì fún yín, tí tíì náà sì ń fà. Ṣé ẹ máa mu ún?

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá bí kò ṣe ní yọ̀, ẹ ń ṣiṣẹ́ gidi. Èmi á gbà á lójú ọ̀nà mìíràn. Ẹ gbé óòtì lọ bá yíyọ̀ nílé ẹ̀. Ẹ fi ṣe òkèlè.

Ẹ lọ óòtì gbígbẹ nínú bẹ̀lẹ́ńdà kó kúnná bí èlùbọ́. Kọ́ọ̀pù omi 1 àti ààbọ̀ kó hó. Ẹ máa wọ́n kọ́ọ̀pù ìyẹ̀fun 1 sí i díẹ̀díẹ̀, kí orógùn má dúró. Tó bá ti gbá jọ, ẹ wọ́n omi bíńtín sí i, ẹ dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 2, ẹ tún un rò. Ó rí bí àmàlà tó pọ́n díẹ̀. Àwọn tí dókítà ní kí wọ́n dín ẹ̀bà kù ń jẹ ẹ́ káàkiri Èkó báyìí, èmi fúnra mi ń tà á lọ́sàn-án. Ewédú, ẹja tútù tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀, ọbẹ̀ ata díẹ̀. Ó tán.

Ẹni tí kò bá fẹ́ rokà láàárọ̀, kó sè é bí àsáró. Àlùbọ́sà, tòmátì, edé lílọ̀, epo pupa síbí kan, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ẹ da óòtì tí Bàbá Aláàárọ̀ yan yẹn sí i lẹ́yìn, ẹ fọ́ ẹyin kan sórí ẹ̀. Ta ló tiẹ̀ sọ fún wa pé dandan ni kí óòtì dùn bí ṣúgà? Àwòrán ara agolo ló ń tàn wá.

Ìyá Ìbejì · Ìṣẹ́gun, 7:19 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Alásè, ewédú láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí? Ta ló fẹ́ já a? Ta ló fẹ́ fi ìjábẹ̀ lù ú? Iná ò sí, gáàsì ń tán lọ.

Alásè Lafiaji · Ìṣẹ́gun, 7:25 àárọ̀

Ti alẹ́ àná ni kẹ́ ẹ gbé kaná. Èmi ò sọ pé lójoojúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí bọ́ọ̀sì ò ní í fọn fèrè lé yín lórí.

Ìyàwó Ọ̀gbà · Gbàgádà · Ìṣẹ́gun, 10:48 àárọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pẹ̀lú óòtì tí wọ́n ń rẹ mọ́jú nínú mílíìkì àti yógọ́ọ̀tì o. Mo rí i lórí fóònù, ó wù mí, mo ra ìgò onígíláàsì mẹ́rin. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú firíìjì láago mẹ́sàn-án alẹ́. Aago mẹ́wàá, wọ́n múná lọ. Ìdájí, mo ṣí ìgò kan, òórùn tó jáde níbẹ̀, ajá ilé ẹ̀gbẹ́ wa gbó. Ẹni tó ní iná tó dúró, kó máa ṣe é. Èmi ti fi àwọn ìgò yẹn kó ẹ̀gúsí sí.

Ìyá Ọ̀gá Kékeré · Ọjọ́rú, 8:33 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ n ròyìn.

Mo ṣe ti Bàbá Aláàárọ̀ láàárọ̀ yìí. Lóòótọ́, kò fà. Ilé ń ta sánsán, bàbá wọn tiẹ̀ jáde nínú yàrá béèrè ohun tí mò ń yan. Mo bù ú sí abọ́ búlúù ẹ̀, mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i lórí. Ó wo abọ́, ó wo mí. Ó fi ìka kan tọ́ ọ wò. Ó ní, "Kò yọ̀." Inú mi ti ń dùn. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n òun náà ni."

Síbí mẹ́ta ló jẹ. Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ tán.

Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí ní ti mílíìkì. Mo wọ̀n ọ́n lánàá, ìgò mẹ́ta ni, mi ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ ti ìdájí kúrò.

Bàbá Aláàárọ̀ · Ọjọ́rú, 8:41 àárọ̀

Síbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan, nígbà tí ẹ rí bíi márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ fún mi lẹ́mu. Ẹ pààrọ̀ abọ́ yẹn ná. Ọmọ yín ti pe abọ́ búlúù lẹ́jọ́.

Ìyá Ìbejì · Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ n fún yín ní èyí tó gba èmi là, kí n má kàn máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ìbejì mi ń pè é ní mọ́sà, ẹ̀yin lè pè é ní pankéèkì.

Kọ́ọ̀pù óòtì 1, ẹ lọ̀ ọ́ gbígbẹ. Ẹ lè lọ̀ ọ́ lálẹ́ kí bẹ̀lẹ́ńdà má jí àwọn ará ilé. Láàárọ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti rọ̀ gidi, ẹ fọ́ ẹyin kan sí i, ìdajì kọ́ọ̀pù mílíìkì, iyọ̀ bíńtín, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ óòtì yẹn. Kò sí ṣúgà níbẹ̀. Ẹ wá lọ wẹ ọmọ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ lọ wẹ ọmọ, torí ó gbọ́dọ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú 10 kí óòtì mu omi náà. Bí ẹ bá kánjú, ńṣe ló máa fọ́ yángá lórí páànù.

Òróró tó kàn lè nu ojú páànù ni. Iná kékeré. Síbí ìjẹun kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lọ. Tí ihò wẹ́wẹ́ bá ti yọ lójú ẹ̀, tí etí ẹ̀ ò dán mọ́, ẹ yí i. Ó máa jáde bíi mẹ́jọ. Ó ṣeé fọwọ́ mú, ó ṣeé jẹ nínú bọ́ọ̀sì, kò dà sára yunifọ́ọ̀mù. Ẹ lè fi ẹ̀pà lílọ̀ pa á lójú.

Ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ pé óòtì ni!

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì · Ọjọ́rú, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo ẹ̀ dára, àyàfi gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ẹ má purọ́ oúnjẹ fún ọmọ. Ọjọ́ tó bá já a, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí mọ́sà náà. Ẹ pè é síbẹ̀, kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ kì í sábà kọ ohun tó bá wọn sè. Ẹ jẹ́ kí ti inú abọ́ náà máa wà lórí tábìlì, díẹ̀, láìbá a jà. Oúnjẹ tuntun lè gbà tó ìgbà 10 sí 15 lójú ọmọ kó tó di ti ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó, kẹ́ ẹ bù ú jẹ lójú ẹ̀. Ìyá Ọ̀gá Kékeré, ẹ̀yin fúnra yín ń jẹ óòtì?

Ìyá Ọ̀gá Kékeré · Ọjọ́rú, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí ní ìbéèrè mìíràn.

Ọmọ Mushin · Ọjọ́rú, 5:22 ìrọ̀lẹ́

Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n!

Ìyá Ọ̀gá Kékeré · Àbámẹ́ta, 11:06 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó.

Lálẹ́ àná mo ti lọ óòtì, mo ti se ewédú. Láàárọ̀ yìí mo rokà. Ti àkọ́kọ́ ṣù, mo dà á nù, torí mo da ìyẹ̀fun lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Alásè, ẹ sọ pé díẹ̀díẹ̀, etí mi ló di. Ẹ̀ẹ̀kejì gbá jọ. Mo pe ọ̀gá pé kó wá wo ohun tí à ń rò. Ó gun àpótí, ó bá mi di orógùn mú. Ó bi mí pé, "Kí leléyìí?" Mo ní óòtì ni. Ojú ẹ̀ yí padà. Mo ní, "Bàbá, ewédú ló máa bá a rìn." Ó dákẹ́, ó ń ro ọ̀rọ̀ náà bí adájọ́.

Mo gbé e sínú abọ́ tánganran tí bàbá wọn fi ń jẹun, kì í ṣe búlúù. Ó wẹ ọwọ́. Ó bu èyí àkọ́kọ́, kékeré bí èékánná, ó fi ewédú gbà á, ó gbé e mì. Ó bu èkejì tó tóbi ju ẹnu ẹ̀ lọ. Ewédú ń ṣàn látọwọ́ dé ìgúnpá, ó gbé apá sókè, ó ń wo bó ṣe ń fà bọ̀ wálẹ̀, ó ní: "Mọ́mì, ó ń yọ̀!" Ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà tó fi ń pa mí lẹ́kún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o!

Ó jẹ ẹ́ tán. Mo jẹ tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Nọ́ọ̀sì, kí ẹ má tún bi mí. Kò burú. Mi ò ní í purọ́, ẹ̀bà ṣì dùn jù ú lọ.

Àbúrò ẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ní "ó ń yọ̀", ó sì fà á fún ológbò. Ti Ìyá Ìbejì lòun gbà, mọ́sà mẹ́ta lánàá, méjì láàárọ̀ yìí. Torí náà mọ́sà ni ti ọjọ́ ilé-ìwé, òkèlè di ti Àbámẹ́ta. Ti ikùn, ó lọ ilé ìyàgbẹ́ lánàá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò gbọ́ igbe. Orin ló ń kọ. Mi ò tíì pariwo ẹ̀, a ó máa wò ó.

Alásè Lafiaji · Àbámẹ́ta, 11:15 àárọ̀

Mo ń jó nínú ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo wà yìí o!

Màmá Àgbà · Àbámẹ́ta, 1:38 ọ̀sán

Inú mi dùn, ọmọ mi. Alásè, ẹ wá níhìn-ín. Bàbá àwọn ọmọ mi, dókítà ti ní kí wọ́n dín ẹ̀bà kù láti ọdún tó kọjá, wọn ò gbọ́. Òkèlè yín yẹn, tó bá jẹ́ fún àgbàlagbà kan ṣoṣo, ìyẹ̀fun mélòó? Ẹ má fi kọ́ọ̀pù wọ̀n ọ́n fún mi, mi ò ní kọ́ọ̀pù. Agolo mílíìkì ni mo ní.

Alásè Lafiaji · Àbámẹ́ta, 1:52 ọ̀sán

Màmá, agolo mílíìkì kékeré, ìyẹ̀fun kó kún un lẹ́ẹ̀kan, kó má ṣe òkìtì. Omi, agolo kan àti ààbọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ́n ọn. Ẹ má sì sọ fún Bàbá pé óòtì ni títí wọ́n á fi jẹ ẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, ti àgbà yàtọ̀.